"Kò Jọ Mí": Ìdí Tó Fi Yẹ Ká Tún Mọ́nítọ̀ Ṣe Ká Tó Tún Fọ́tò Ṣe

Ìyá àgbà mi pé ọgọ́rin ọdún, èmi ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ fọ́tò ọjọ́ náà fún. Ta ni wọn ì bá tún gbé e fún? Èmi nìkan ló ní kámẹ́rà nínú ẹbí wa ní Ṣakí. Tòkunbọ̀ ni o, ṣùgbọ́n kámẹ́rà gidi ni. Ìyá àgbà wọ ẹtù tí wọ́n hun fún wọn n'Ìsẹ́yìn, wọ́n wé gèlè, wọ́n jókòó síwájú ilé, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọ́n sì wo kámẹ́rà bí ẹni tó fẹ́ bá a jà. Mo yà wọ́n. Ó dára lójú mi.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbé láptọ́ọ̀pù lé itan, mo pa iná yàrá, mo gbé ìmọ́lẹ̀ ojú láptọ́ọ̀pù sókè dé òpin, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún fọ́tò ṣe. Mo tiẹ̀ dín ìmọ́lẹ̀ inú fọ́tò náà kù díẹ̀, torí ó ń tàn yanran lójú mi. Mo fi ránṣẹ́ sí láàbù kan n'Ìbàdàn, wọ́n fọ̀ ọ́ ní íńṣì 12 sí 16, mo fi sínú férémù, mo gbé e lọ bá wọn.

Ìyá àgbà wò ó títí. Wọ́n yí i síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, ta rèé?"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ni o, Ìyá àgbà."

Wọ́n ní, "Kò jọ mí. Ẹtù mi dà? Aṣọ dúdú lásán ni ẹni tibí yìí wọ̀."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ojú wọn ti wọnú òjìji gèlè lọ, ẹyinjú nìkan ló hàn. Ìlà funfun tín-ín-rín tó wà lára ẹtù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Àǹtí mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí owó tí mo fi fọ fọ́tò náà kì í ṣe owó kékeré, àti pé Ìyá àgbà ti pẹ́ láyé, èèyàn ò sì mọ fọ́tò tí yóò jẹ́ ìkẹyìn.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé láàbù ló ba iṣẹ́ jẹ́. Èkejì ni pé bóyá sọ́fíwíà ọ̀fẹ́ tí mò ń lò ni kò dáa, kí n yáa wá owó ra èyí tí àwọn ọ̀gá ń lò. Mo gbé fọ́tò padà lọ s'Ìbàdàn. Bọ̀dá tó wà níbẹ̀ ò bá mi jà rárá. Wọ́n ṣí fáìlì mi lórí mọ́nítọ̀ tiwọn. Bó ṣe dúdú lórí ìwé náà ló ṣe dúdú níbẹ̀. Wọ́n ní, "Àbúrò, ohun tí o fún wa la tẹ̀. Láptọ́ọ̀pù ẹ ló ń purọ́ fún ẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wá sí Ṣakí, òun náà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Bí owó yín ò bá pọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ sórí sọ́fíwíà. Ohun tí ẹ fi ń ríran ló ṣáájú. Ẹni tí ò rí ohun tó ń tún ṣe, kí ló fẹ́ tún ṣe níbẹ̀?

Mọ́nítọ̀ ń tan iná, ìwé kì í tan iná

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Mọ́nítọ̀ dà bí àtùpà: ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ ló ń tàn síta. Fọ́tò orí ìwé ò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yàrá tàbí ti oòrùn tó bá bọ́ sára rẹ̀ ló ń ta padà sí wa lójú. Òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ mọ́nítọ̀ ni wọ́n ń pè ní níìtì. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ọ́fíìsì lè tàn dé nǹkan bíi 250 níìtì. Àwọn tó ń tún fọ́tò ṣe láti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé sábà máa ń fi tiwọn sí nǹkan bíi 80 sí 120. Ẹ rí i pé èmi tí mo gbé tèmi dé òpin, mo ń wo fọ́tò tó mọ́lẹ̀ ju bí ìwé ṣe lè mọ́lẹ̀ lọ. Mo rò pé fọ́tò ló mọ́lẹ̀, mo bá dín in kù. Nígbà tó dé orí ìwé, ó di òkùnkùn.

Iná tí mo pa tún dá kún un. Ojú wa kì í wọn ìmọ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń wọn gaàrí lọ́jà. Ńṣe ló máa ń fi ohun kan wé ohun tó yí i ká. Nínú òkùnkùn, ọmọlójú á fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kékeré á sì di ńlá lójú ẹni. Ẹ wo fóònù yín láàárín òru, kẹ́ ẹ tún wo ó lábẹ́ oòrùn ọ̀sán Ṣakí. Fóònù kan náà ni, àmọ́ ojú yín ti yí padà.

Àtúnṣe rẹ̀ rèé. Ẹ tan iná yàrá. Ẹ mú ìwé funfun A4 kan, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́nítọ̀ níbi tí iná yàrá ti lè kàn án. Ẹ ṣí ojú ewé tó funfun báláú lórí kọ̀ǹpútà. Bí funfun inú mọ́nítọ̀ bá ń tàn bí gílóòbù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù títí tí àwọn méjèèjì á fi sún mọ́ra. Bó bá ní àwọ̀ búlúù ju ìwé lọ, ẹ wọ inú ètò mọ́nítọ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ 6500K sí. Lórí Windows, ẹ kọ "calibrate display color" sínú àpótí ìwákiri, yóò sì mú yín ní ìgbésẹ̀ ní ìgbésẹ̀. Kò pé bíi ti ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún un, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ẹ má ṣe nǹkan kan lọ.

Kí ló dé tí ojú Ìyá àgbà ń yí padà?

Nígbà tí mo ti ṣe èyí tán, mo tún ṣàkíyèsí nǹkan kan. Bí mo bá tẹ ojú láptọ́ọ̀pù sẹ́yìn díẹ̀, ojú Ìyá àgbà á dúdú. Bí mo bá fà á síwájú, á funfun bí ẹni tó kun ẹfun. Èwo nínú wọn wá ni ojú wọn gan-an?

Inú mọ́nítọ̀ LCD, iná wà lẹ́yìn, kírísítálì olómi wà níwájú rẹ̀. Iná mànàmáná ló ń yí àwọn kírísítálì yìí, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ bíi fèrèsé onípáálí: bí wọ́n bá yí síbí, ìmọ́lẹ̀ kọjá, bí wọ́n bá yí sọ́hùn-ún, ìmọ́lẹ̀ dúró. Nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní TN, tó wọ́pọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù pọ́ọ́kú, àwọn kírísítálì máa ń nàró kọjú sí ẹni tó ń wo ojú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun tí ẹ ń rí fi ń yí padà bí orí yín bá ti yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní IPS, tí ilé iṣẹ́ Hitachi ti Japan gbé jáde ní 1996, ńṣe ni wọ́n ń yí nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọwọ́ aago lẹ́yìn gíláàsì. Torí náà, ẹ lè wò ó láti ẹ̀gbẹ́, àwọ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ yí. Ẹ̀kẹta wà tó ń jẹ́ VA. Dúdú rẹ̀ dúdú dáadáa, àmọ́ ibi tó ṣókùnkùn nínú fọ́tò máa ń yí padà díẹ̀ bí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Fún fọ́tò, IPS ni kí ẹ wá.

Ọ̀rọ̀ iye àwọ̀ tún wà níbẹ̀. Àwọ̀ mẹ́ta ni mọ́nítọ̀ fi ń ṣe gbogbo àwọ̀ yòókù: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Mọ́nítọ̀ oní-6-bit ní ìpele 64 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 262,144. Oní-8-bit ní ìpele 256 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ju mílíọ̀nù 16 lọ. Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti ń hàn ni ojú ọ̀run ọyẹ́ àti ara èèyàn, níbi tí àwọ̀ kan ti ń yọ́ wọnú èkejì.

Lẹ́yìn náà ni bí àwọ̀ ṣe lè jinlẹ̀ tó. Ní 1996 kan náà, HP àti Microsoft gbé ìlànà kan jáde tó ń jẹ́ sRGB, kí pupa orí kọ̀ǹpútà kan lè jẹ́ pupa lórí òmíràn. Òun ni íntánẹ́ẹ̀tì àti ọ̀pọ̀ láàbù ń lò. Bí ẹ bá rí i lára láptọ́ọ̀pù pé "45% NTSC", ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó lè fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún sRGB hàn. Ìyókù, ńṣe ló ń méfò. Fún ọmọ Òkè-Ògùn, aṣọ òkè ni mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀: ẹ gbé àlàárì, sányán àti ẹtù síwájú kámẹ́rà. Lórí mọ́nítọ̀ tí kò dáa, àlàárì á ṣì bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ láfọ̀tún, sányán á di àwọ̀ eruku, ẹtù á sì di dúdú lásán, bẹ́ẹ̀ aró ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹtù Ìyá àgbà ṣe sọnù mọ́ mi lójú.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́

Ẹ ò nílò mọ́nítọ̀ 4K. Ẹ ò nílò èyí tí wọ́n kọ orúkọ géèmù sí lára. Ohun tí mò ń wá kò ju mẹ́ta lọ: IPS, sRGB tó sún mọ́ 100%, àti íńṣì 22 sí 24 tí píksẹ́lì rẹ̀ tó 1920 sí 1080. Bẹ́ẹ̀ ni, tòkunbọ̀ lè ní gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì l'Òyìnbó ló ń pààrọ̀ mọ́nítọ̀ wọn lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, wọn á sì kó wọn dà sí ọjà wa. Bí àpẹẹrẹ, Dell U2412M tó jáde ní 2011 jẹ́ IPS oníńṣì 24, píksẹ́lì 1920 sí 1200. Àgbà mọ́nítọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó sàn fún fọ́tò ju ojú láptọ́ọ̀pù TN tuntun lọ. Nọ́ḿbà módẹ̀lì wà lára pépà ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi fóònù wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, kó má jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà nìkan lẹ gbọ́.

Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ fi fáìlì díẹ̀ sínú fláàṣì, kí ọlọ́jà tan mọ́nítọ̀ náà fún yín. Ohun tí ẹ máa wò rèé:

- Àwòrán pupa, àwọ̀ ewé, búlúù, funfun àti dúdú tó gba gbogbo ojú rẹ̀. Píksẹ́lì tó ti kú á yọjú bí ẹ̀jẹ̀ inú ẹyin.
- Àwòrán tó lọ láti dúdú dé funfun díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń pín sí ìlà ìlà bí àtẹ̀gùn, ẹ fi í sílẹ̀.
- Fọ́tò èèyàn dúdú tó wọ aṣọ dúdú. Ẹ dìde, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ojú ẹni náà bá ń yí padà, ó lè jẹ́ TN tàbí VA.
- Funfun rẹ̀. Àwọn mọ́nítọ̀ àtijọ́ tó ń lo gílóòbù ọlọ́pàá dípò LED máa ń pọ́n bí eyín arúgbó tí wọ́n bá ti pẹ́, ìmọ́lẹ̀ wọn á sì máa lọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Àwa la mọ ohun tójú wa ń rí. Mọ́nítọ̀ LED oníńṣì 24 sábà máa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 15 sí 30. Ká ní tiyín ń jẹ 25, láptọ́ọ̀pù ń jẹ 45, àpapọ̀ jẹ́ 70. Bátìrì ínfátà 12V tó jẹ́ 100Ah, bí ẹ bá lo ìdajì rẹ̀ péré kó má baà tètè kú, á gbé yín bíi wákàtí 7. Ẹ sì rántí pé ìmọ́lẹ̀ tí a dín kù lẹ́ẹ̀kan yẹn ń dín iná tí mọ́nítọ̀ ń jẹ kù. Àǹfààní méjì lẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo mú yẹn.

Bí owó mọ́nítọ̀ ò bá tíì sí ńkọ́? Ẹ máa wo hísítógíráàmù, àtẹ kékeré bí òkè tó wà nínú sọ́fíwíà fọ́tò. Inú fáìlì ló ti ń ka iye rẹ̀, kò bá ojú mọ́nítọ̀ da nǹkan kan pọ̀. Bí òkè náà bá rọ́ jọ sápá òsì pátápátá, fọ́tò yín dúdú, ohunkóhun tí ì báà máa tàn lójú yín. Ká ní mo wo tèmi lálẹ́ ọjọ́ náà ni, Ìyá àgbà ì bá má béèrè pé ta rèé.

Sọ́fíwíà: ọ̀fẹ́ tó tó

Láti 2013 ni Adobe ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Photoshop di ohun tí à ń san owó oṣù fún, owó dọ́là sì ni. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, ohun tó bá jẹ́ dọ́là 10 lóṣù jẹ́ nǹkan bí ₦4,600 ní owó ìjọba. Ní 2024, ó ti ju ₦15,000 lọ. Ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wò ó bóyá owó yẹn ò ní ran yín lọ́wọ́ dáadáa lórí mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀. Àwọn kan á ní, "Ṣebí kíráàkì wà?" Ó wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yín já kọ́kọ́rọ́ ilé ẹlòmíì, kí ló máa dí i lọ́wọ́ láti já tiyín? Ọ̀nà yẹn ni fáírọ́ọ̀sì ń gbà wọ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ọ̀fẹ́ tó bófin mu wà, ó sì pọ̀. GIMP ni akẹ́kọ̀ọ́ méjì, Spencer Kimball àti Peter Mattis, bẹ̀rẹ̀ ní 1995 ní Yunifásítì California, Berkeley. Ó dára láti yọ ohun tí ẹ ò fẹ́ kúrò nínú fọ́tò, tàbí láti kọ ọ̀rọ̀ sí i. Fún fáìlì RAW, ẹ lo RawTherapee tàbí darktable. Bí RAM kọ̀ǹpútà yín bá kéré, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú RawTherapee. Bó bá tó 8 GB, darktable á rọrùn. Àwọn méjèèjì ní irinṣẹ́ tó ń gbá kùrukùru ọyẹ́ kúrò nínú fọ́tò. Lórí fóònù, Snapseed tí Google ni tó, ẹ sì lè fi ìka kan ojú ẹnì kan ṣoṣo kẹ́ ẹ mú un mọ́lẹ̀ láìfọwọ́ kan ìyókù. Àwọn ti kọ̀ǹpútà yìí ò béèrè dátà mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé wọn sọ̀ kalẹ̀.

Kí ni RAW? Òun ni ohun tí kámẹ́rà rí kó tó sè é. JPEG ti jinná: ìpele 256 ló kù fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. RAW oní-14-bit ní ìpele 16,384. Ibi òjìji tí JPEG ti sọ di dúdú, nǹkan ṣì lè wà níbẹ̀ nínú RAW. Ohun tó gbà mí nìyẹn, torí mi ò tíì pa RAW Ìyá àgbà rẹ́.

Jíjọra

Kì í ṣe òní ni ẹ̀rọ ti ń rí wa láìtọ́. Láti bí ọdún 1950 síwájú, Kodak máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn láàbù, tí fọ́tò obìnrin òyìnbó wà lórí rẹ̀. "Shirley" ni wọ́n ń pe káàdì náà. Bí àwọ̀ ara Shirley bá ti bọ́ sí i, láàbù gbà pé ẹ̀rọ àwọn tọ́ nìyẹn. Ara dúdú ò sí nínú ìṣirò. Lorna Roth, onímọ̀ kan ní Kánádà, ṣàlàyé nínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 2009 pé lára ohun tó mú Kodak ṣàtúnṣe fíìmù rẹ̀ ni ẹ̀sùn àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi: àwọ̀ ọjà wọn ò yàtọ̀ síra nínú fọ́tò. Ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn? Ní 2021, Google ṣì ń gbé Real Tone jáde fún fóònù Pixel, kó lè máa ya ara dúdú bó ṣe yẹ.

Àwọn baba wa tó jẹ́ olùyàwòrán ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ nípa àwọn olùyàwòrán Yorùbá, títí kan àwọn ará Ìlá Ọ̀ràngún. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, olùyàwòrán á ya èyí tó kù, á sì tẹ fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Àtúnṣe fọ́tò nìyẹn, láìsí kọ̀ǹpútà. Ó tún ṣàkíyèsí ìjókòó àgbà: ẹni náà kọjú sí kámẹ́rà, ọwọ́ lé orúnkún. Bí Ìyá àgbà mi ṣe jókòó gẹ́lẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn oníṣẹ́ ọnà wa fi ń dá iṣẹ́ gidi mọ̀: jíjọra. Kó jọ olówó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Ìyá àgbà sọ sí mi lójú, tí mo ń bínú sí láàbù.

Mo ra mọ́nítọ̀ IPS tòkunbọ̀ kan. Mo fi ìwé A4 tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe, mo tan iná yàrá, mo ṣí RAW náà nínú RawTherapee, sọ́fíwíà ọ̀fẹ́ kan náà tí mo fẹ́ dá lẹ́bi. Mo gbé òjìji sókè díẹ̀díẹ̀ títí ojú wọn fi jáde lábẹ́ gèlè, títí ìlà ẹtù fi yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n tó tẹ ńlá, mo kọ́kọ́ ní kí láàbù tẹ kékeré kan fún mi wò. Ẹ̀yin náà, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ kéré sí owó àṣìṣe.

Nígbà tí mo gbé èyí tó tóbi dé, Ìyá àgbà gbà á, wọ́n fi ìka tọ ìlà ara ẹtù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní kí àǹtí mi kan ìṣó sára ògiri tó kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Èyí jọ mí," wọ́n ní. "Àmọ́ kí ló ṣe ẹ́, tí o ò sọ fún mi kí n rẹ́rìn-ín?"